Lẹ́yìn Àfihàn Aṣọ: Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa, Òwò Wọn àti Gbèsè Tí Ìjọ Ń Jẹ

Ẹni tó bá ti dé gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe kan ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka aṣọ rírán bá ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ wọn, yóò jẹ́rìí sí i pé ohun ìwúrí ni. Iná a máa tàn yòò, orin a máa dún, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin a sì máa rìn lọ rìn bọ̀ lórí pèpéle nínú aṣọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ọwọ́ ara wọn rán: aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣe kóòtù, àdìrẹ tí wọ́n fi ṣe kàbà gígùn, ańkárá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì tún tò pọ̀ bí àwòrán. Àwọn òbí a máa pàtẹ́wọ́, gbogbo fóònù inú gbọ̀ngàn a sì máa ya fọ́tò.

Ọjọ́ kejì ńkọ́? Aṣọ wọ̀nyẹn a padà sínú àpò Ghana-must-go, àpò náà a sì wọ abẹ́ ibùsùn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rán wọn ti ná owó ara rẹ̀, owó ìyá rẹ̀ àti èyí tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ sórí aṣọ, òwú, sípù àti láínì. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá owó gbọ̀ngàn, owó ẹ̀rọ amúnáwá àti owó ayàwòrán. Ó ti gba máàkì, a sì bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló rí ẹni tó ra ẹyọ kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí. Ẹ̀kọ́ wo gan-an ni àwọn ọmọ wa ń rí kọ́ nínú àfihàn aṣọ àti nínú ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ń fún wọn, kí ló sì kan ìjọ nínú rẹ̀? Ní tiwa, a gbà pé ó kàn wá gidigidi. Bí a bá ka aṣọ ìkórè, aṣọ ẹgbẹ́ ọmọ ìjọ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀wù akọrin, aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ ìsìnkú àti aṣọ ìdúpẹ́ pọ̀, bóyá ni oníbàárà mìíràn wà nílẹ̀ Yorùbá tí aránṣọ ní tó ju ìjọ lọ.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ àfihàn aṣọ rárá. Wọ́n ní ìgbéraga ni, wọ́n ní ìfihàn ara ni. A kò ní sọ pé ìbẹ̀rù wọn kò nídìí, nítorí àwa náà ti rí ibi tí aṣọ ti kéré ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí pé nígbà tí a fẹ́ rán aṣọ mímọ́ fún Áárónì, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ṣáá ni a gbé iṣẹ́ náà fún. Àwọn ọlọ́gbọ́n iṣẹ́ ọnà ni a yàn, Ìwé Ẹ́kísódù sì ka ọgbọ́n ọwọ́ Bésálélì mọ́ ohun tí Ẹ̀mí Ọlọ́run fún un. Ẹ jẹ́ kí a tún rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jópà, nínú orí kẹsàn-án Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì. Nígbà tí Tàbítà tí à ń pè ní Dọ́káàsì kú, tí Pétérù sì dé, kí ni àwọn opó ṣe? Wọ́n kó ẹ̀wù àti aṣọ tí obìnrin náà rán nígbà ayé rẹ̀ jáde, wọ́n ń fi wọ́n han Pétérù pẹ̀lú omijé lójú. Bí a bá ní kí a pè é lórúkọ òde òní, àfihàn aṣọ ni àwọn opó yẹn ṣe nínú yàrá òkè. Aṣọ ló ń jẹ́rìí fún ẹni tó rán an. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wí, kí ó bá wọn wí lórí bí aṣọ ṣe rí lára, kì í ṣe lórí pé wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí pèpéle ń kọ́ni tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò lè kọ́ni. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ara ère ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ aṣọ sí, ère tí kì í mí, tí kì í jókòó, tí kì í sanra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lórí pèpéle, ènìyàn ló wọ̀ ọ́. Èjìká rẹ̀ kan lè ga ju èkejì lọ. Ó lè gbé ẹsẹ̀ kí ìdí aṣọ ya. Sípù lè kọ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú yanjú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn ẹ̀yìn pèpéle ti kọ́ ohun tí kò ní gbàgbé. Ó tún kọ́ pé ọjọ́ kò ṣe é sún. Àfihàn tí wọ́n bá ti fi sí agogo mẹ́rin ọjọ́ Àbámẹ́ta kò ní dúró de ẹni tí kò tíì lẹ bọ́tìnnì. Gbogbo wa la mọ iye ìgbà tí aránṣọ ti ní kí a padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, tí ọjọ́ Ẹtì náà kò sì lópin. Bí àfihàn aṣọ bá lè mú ìwà yìí kúrò lára ìran aránṣọ tó ń bọ̀, ó ti ṣe wá lóore.

Ìjọba pẹ̀lú kò káwọ́ gbera. Yaba College of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, wà lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ti lè kọ́ iṣẹ́ aṣọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ gíga. Ọdún méjì ni ti ND, ọdún méjì ni ti HND, akẹ́kọ̀ọ́ sì ní láti fi ọdún kan ṣiṣẹ́ níta láàárín méjèèjì. Kí ND tó parí pàápàá, oṣù mẹ́rin wà fún ètò ìkọ́ṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SIWES. Àjọ ITF ló gbé ètò náà kalẹ̀ ní 1973, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn pé ìwé nìkan ni àwọn tó ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ̀, wọn kò mọ iṣẹ́. Láti nǹkan bí 2007 ni àṣẹ ìjọba àpapọ̀ sì ti wà pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìbáà ṣe òfin ni ó ń kọ́ tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ, kọ́ ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀. Àwọn yunifásítì tí ìjọ dá sílẹ̀, bíi Bowen ti àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ìwó àti Ajayi Crowther ti àwọn Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, kò yọ sílẹ̀ nínú àṣẹ yìí. Àwọn agùnbánirọ̀ náà ní ètò tiwọn láti 2012.

Lórí ìwé, ètò yìí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ tó wà nínú ìjọ yín léèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sọ fún yín pé nígbà tí wọ́n lọ fún IT, oúnjẹ ọ̀gá ni wọ́n ń rà, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbá, ẹni tó bá sì rìnnà kore ni wọ́n jẹ́ kó lẹ ìdí aṣọ. Wọn yóò sọ fún yín pé kíláàsì ìdáṣẹ́sílẹ̀ jẹ́ gbọ̀ngàn ńlá kan tí èrò kún fọ́fọ́, níbi tí wọ́n ti kọ ìtumọ̀ oníṣòwò sínú ìwé, tí wọ́n há a sórí, tí wọ́n sì fi yege ìdánwò, láìrí oníṣòwò kankan rí. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì, tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga rí, mọ oníbàárà tó ń san owó àti èyí tó ń jẹ gbèsè. Ó mọ bí a ti í ná ọjà ní Òṣòdì àti ní Balógun, ó sì mọ bí a ti í fi ọ̀rọ̀ tútù lé ẹni tí kò fẹ́ san owó lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ti í ya àpẹẹrẹ sórí bébà kí a tó gé aṣọ, bí a ti í rán aṣọ ogún kí gbogbo wọn bára mu, àti bí a ti í kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ìbá wúlò fún ara wọn púpọ̀ bí ẹnì kan bá mú wọn pàdé. Ó dùn wá pé àwọn obìnrin méjì bẹ́ẹ̀ lè máa jókòó nínú ìjọ kan náà lọ́dọọdún láìmọ orúkọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó ti rìn ọ̀nà yìí. Ìyá wa Folashade Thomas-Fahm, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Shade, rìnrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1950 pẹ̀lú èrò àtikọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣọ ni ó kọ́ bọ̀. Ní nǹkan bí ìgbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960 ni ó padà dé Èkó, tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì dá ilé iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀ ní Yàbá. Nígbà náà, àwọn ọ̀làjú kan gbà pé aṣọ tó bá ti òkèèrè wá nìkan ni aṣọ. Kí ni ó ṣe? Ó kíyè sí ìyọnu obìnrin tó ń sáré lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀. Ó ṣe gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, tí ènìyàn kàn ń dé bíi fìlà. Ó fi sípù sí ìró kí ó má bàa tú lójú títì. Ní 2022, nígbà tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìpàtẹ ńlá lórí aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rí dì mú nínú ìtàn yìí ni pé orí ìṣòro oníbàárà ni òwò rẹ̀ dúró lé. Ìran wíwò tẹ̀ lé e ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí lónìí. Lagos Fashion Week, tí Omoyemi Akerele dá sílẹ̀ ní 2011, ti di ibi tí àwọn aránṣọ ilẹ̀ Áfíríkà ti ń rí oníbàárà láti òkèèrè. Ní 2025 ó gba Ẹ̀bùn Earthshot, èyí tí Ọmọọba William ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ohun tó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ni pé aránṣọ tó bá fẹ́ gun pèpéle wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé iṣẹ́ òun kì í fi aṣọ ṣòfò, kì í sì í ba àyíká jẹ́. Wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí aṣọ tó dé pèpéle. Kò sí ohun tó ní kí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa má ṣe béèrè bákan náà: níbo ni o ti ra aṣọ yìí, èló ló ná ọ, ta ni o san owó fún, ta ni yóò sì rà á?

Kì í ṣe òní ni ìjọ ti ń bá òwú àti aṣọ ṣe nílẹ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1850, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, gbà pé ìjọ tí kò ní oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ nínú kò ní lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ láéláé, yóò sì máa tẹ́wọ́ sí òkèèrè títí. Òun àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú kan ní Manchester, pawọ́ pọ̀ kí òwú Abẹ́òkúta lè dé ọjà òyìnbó. Wọ́n rán Henry Robbin lọ sí Manchester láti lọ kọ́ iṣẹ́ náà, òun àti Samuel Crowther kékeré, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, ni wọ́n sì fi ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lé lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ti í yọ kóró inú òwú, bí a ti í dì í, bí a ti í wọ̀n ọ́n, bí a ti í kọ owó rẹ̀ sílẹ̀. A lè bá Venn jiyàn lórí ẹni tó jèrè jù nínú òwò òwú yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Ṣùgbọ́n kò pín ìwé ìṣirò owó níyà kúrò lára Ìwé Mímọ́.

Ìlú Abẹ́òkúta kan náà tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn fún wa. Nígbà tí àdìrẹ gbilẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn obìnrin aláró ń gba aṣọ funfun láwìn lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, wọn a pa á láró, wọn a tà á, wọn a sì padà lọ san owó. Àwọn oníṣòwò láti ibi jíjìnnà ń wá rà á. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, tí ọjà kò tà mọ́, àwìn di gbèsè, gbèsè sì sọ ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyẹn di ẹni ìtìjú. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò bàjẹ́. Owó tí kò padà wálé lásìkò ni ó bà wọ́n jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ìjọ.

Ní May 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ní June ọdún kan náà ni wọ́n sì jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Òwú, sípù, láínì àti ọ̀pọ̀ aṣọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, láti òkèèrè ni wọ́n ti ń wá, nítorí náà iye wọn gbéra pẹ̀lú dọ́là. Epo tí ẹ̀rọ amúnáwá ń mu kí àyọ́ọ̀nù tó gbóná gbéra pẹ̀lú. Ní 2024 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó nípasẹ̀ NELFUND, pẹ̀lú 20,000 náírà lóṣooṣù fún jíjẹ mímu. A dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kò lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò àpẹẹrẹ kan, irú èyí tí a fẹ́ kí kíláàsì ìdáṣẹ́sílẹ̀ máa ṣe. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ rán ẹ̀wù akọrin kan. Ó ra aṣọ ní 12,000 náírà. Láínì, òwú àti bọ́tìnnì jẹ́ 3,000. Owó ọkọ̀ 2,000. Epo fún iná 1,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 18,500. Ó gba 20,000 lọ́wọ́ wa, ó sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀ pé òun jèrè 1,500. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi rán an. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún, ó lé ní 3,000 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta sì lé díẹ̀ ní 9,500. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀wù yẹn ná an ní 28,000 kí ó tó jèrè kọ́bọ̀ kan, kí a má tilẹ̀ ka ẹ̀rọ tó ń gbó. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fi 8,000 náírà ta wá lọ́rẹ láìmọ̀, àwa náà sì gbà á láìmọ̀. Bí ẹ̀wù náà bá jẹ́ mẹ́rìnlá, ọrẹ náà ti di 112,000. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ọrẹ wa.

Irú rẹ̀ ṣojú wa. Nínú ìjọ kan tí a kò ní dárúkọ, tí ọ̀kan nínú àwa tó ń kọ ìwé yìí sì wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún kejì ND ṣe àfihàn aṣọ ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn ará ìjọ lọ wò ó, inú wọn sì dùn. Kíá ni wọ́n ní kí ó rán ẹ̀wù mẹ́rìnlá fún àwọn akọrin fún ọdún Àjíǹde 2023. Kò sí àsansílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sínú ìwé. Nígbà tí ó fi ìtìjú béèrè owó aṣọ, àgbàlagbà kan rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, iṣẹ́ Olúwa ni, ibùkún rẹ ń bọ̀.” Ọmọ náà fi owó tí ìyá rẹ̀ kó jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ra aṣọ. Ó rán an, ó sì bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n dá. Àwọn akọrin wọ̀ ọ́, wọ́n kọrin, ìjọ yọ̀.

Lẹ́yìn ìkórè oṣù November ni wọ́n tó san owó náà parí, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Iye tí wọ́n jọ sọ ní oṣù March ni wọ́n san, kò dín. Nítorí náà kò sí ẹni nínú ìgbìmọ̀ tó rò pé òun rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n láàárín March àti November ọdún yẹn, gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà. Owó tó ra aṣọ mẹ́rìnlá nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ kò ra iye yẹn mọ́ nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òun kò sì lè sọ̀rọ̀, nítorí ọmọ ìjọ ni, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ.

Àwọn àlùfáà wa mọ ohun tí Òfin Mósè sọ nípa owó ọ̀yà alágbàṣe tó sùn mọ́ ẹni lọ́wọ́ di òwúrọ̀, wọ́n sì mọ bí Jákọ́bù ti sọ̀rọ̀ le tó nípa irú owó bẹ́ẹ̀ nínú orí karùn-ún èpístélì rẹ̀. A sábà máa ń wàásù àwọn ibi wọ̀nyí sí àwọn ọlọ́rọ̀ ayé àti àwọn gómìnà tó ń jẹ olùkọ́ lówó. A kò rántí ìgbà tí a gbọ́ ọ kẹ́yìn nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ìkórè.

Kí á má baà gbè sẹ́yìn ẹnì kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ní ẹ̀bi tiwọn. Àwọn kan a gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, wọn a fi ti ẹni kẹta ra aṣọ ẹni àkọ́kọ́. Àwọn kan rò pé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà lára ìwé ẹ̀rí wọn ni oníbàárà ń sanwó fún. Bí ìjọ ìyá rẹ bá fún ọ níṣẹ́, tí o sì mú aṣọ dé ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìn tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò pé, má ṣe retí pé wọn yóò tún pè ọ́. A kò fẹ́ kí ìjọ máa gbé iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa nítorí àánú. Kí ó gbé e fún wọn bí a ti ń gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́, kí ó dá ọjọ́ fún wọn, kí ó bá wọn wí bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́, kí ó sì san owó wọn.

Ohun tó yẹ kí ìgbìmọ̀ ṣe kò ṣòro. Kí wọ́n san owó aṣọ àti èròjà ní kíkún kí àlùmágàjí tó kan aṣọ, kí ìyókù sì wà nínú àpò ìwé lọ́wọ́ akápò ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dé. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ìlà mẹ́ta péré, kí ọ̀tún àti òsì sì fọwọ́ sí i. Ìjọ wo ni kò ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì, àwọn akáńtáǹtì àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ owó? Ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti í ya owó òwò sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ kò kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nínú ìjọ kan tí a mọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí láti ìgbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ti rà wọ́n fún ètò kan. Eruku ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ.

Ọ̀rọ̀ àdìrẹ tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí Ìtòkú lónìí yóò rí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkèèrè, tí ó jọ àdìrẹ títí dé orí àmì rẹ̀, tí owó rẹ̀ sì kéré sí ti ojúlówó. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ bá fẹ́ yan aṣọ, èyí tó pọ́ọ́kú yìí ni ọwọ́ sábà máa ń tọ́, a kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí àwọn opó wà nínú ẹgbẹ́ tí agbára wọn kò gbé èyí tó wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ra ti ẹ̀rọ lọ́dún méjì, ṣé a kò lè ra ti ọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sórí aṣọ kò lè figagbága pẹ̀lú ẹ̀rọ lórí iye owó. Lórí ẹni tó mọ ìyàtọ̀ nìkan ni ó lè gbára lé.

Ìgbìmọ̀ ìkórè ọ̀pọ̀ ìjọ kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ wò. Ní ti ọmọbìnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀, ó parí ND rẹ̀, ó fi ọdún IT rẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá aránṣọ kan tí kò mọ̀wé púpọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í rán aṣọ láwìn fún ẹnikẹ́ni, ó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tirẹ̀. Láìpẹ́ yìí, àwọn akọrin yẹn tún ránṣẹ́ sí i pé ẹ̀wù ti gbó, wọ́n fẹ́ méjìdínlógún. Ó kí wọn dáadáa, ó béèrè àlàáfíà gbogbo àgbà ìjọ, ó sì fi ìwé kan ránṣẹ́ sí wọn tó ní iye aṣọ, iye èròjà, owó ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà báǹkì rẹ̀ nínú. Nísàlẹ̀ ìwé náà ni ó kọ ọ́ sí pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí owó bá wọlé. Ìgbìmọ̀ ṣì ń jíròrò lórí rẹ̀.